Ebè Tí Bàbá Rẹ̀ Kọ

Ògúnrìndé fa àgbò wá sí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ Sátidé. Àgbò náà funfun, ó sanra, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Ó so ó mọ́ igi tó wà ní ìta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de Pásítọ̀.

Mo wà níbẹ̀. Èmi ni alàgbà tó ń bá Pásítọ̀ kọ́ kíláàsì ìrìbọmi ní ìjọ wa ní Ìloro. Ẹgbẹ́ mi ni Ògúnrìndé. A jọ dàgbà ni. Òun ni alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ ìlú, òun náà ni olórí ilé wọn, ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún kí a tó bí bàbá bàbá wa. Ìrìbọmi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yòókù yóò wọ odò.

"Afọlábí," ó ní, "ṣé ó tóbi tó?"

"Kí ló tóbi tó?"

"Àgbò yìí. Fún ohun tí mo fẹ́ gbà."

Kí n tó dáhùn, Pásítọ̀ Olúwaṣeun dé lórí ọ̀kadà láti Ẹ̀fọ̀n, eruku bo bàtà rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ògúnrìndé, ó dìde, ó rí àgbò.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló ń ṣe ìnáwó?"

"Èmi ni. Ti Jésù ni àgbò yẹn. Ti ìrìbọmi mi. Mo fẹ́ kí ó ti gbà á kí ọjọ́ tó pé."

Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bí ó bá jẹ́ ti ìkórè ni, a ó gbà á, a ó sì jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi gba ìgbàlà, a kò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú wá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á padà sílé."

Òtítọ́ ni Pásítọ̀ sọ. Ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilé Ògúnrìndé, ẹni tí wọ́n bá kọ ohun tó mú wá, òun gan-an ni wọ́n kọ̀. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì.

Ògúnrìndé dìde. Ó tú okùn. Ó fa àgbò náà gba iwájú ọjà kọjá, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo ènìyàn rí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí ìlú pé Jésù kọ àgbò Ògúnrìndé.

Ìtàn bí ó ṣe kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kò gùn. Géètì ilé ìjọsìn já lọ́dún tó kọjá, a ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́rú ni. Àwọn ìyá wà nínú ilé, wọ́n ń gbàdúrà. Ó ń tún ìdè géètì ṣe ní ìta nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Rebecca ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é. Rebecca kò tọrọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ògúnrìndé ni, Ògúnrìndé nìkan, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó sọnù. Ó ti ń gba àdúrà yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí Tèmídayọ̀ àkọ́bí wọn. Tèmídayọ̀ náà ti bímọ báyìí.

Ògúnrìndé parí géètì, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Kò bi Rebecca ní nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́, ó tẹ̀ lé e. Rebecca bojú wẹ̀yìn, ó rí i.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ò ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ojúbọ Ògún sílẹ̀ fún Ògúnlànà àbúrò rẹ̀. Wọn kò jà. Àgbẹ̀dẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iná kì í béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹni ń lọ.

Kì í pa kíláàsì jẹ. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọmọdé ni àwọn yòókù, àwọn bíi Joy àti Gift tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí àwọn ń bẹ̀rù láti bi Pásítọ̀, òun a bi í.

Lọ́jọ́ kan, Pásítọ̀ ń sọ nípa olè tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, tó sì bá a wọ Párádísè lọ́jọ́ náà gan-an. Ògúnrìndé na ọwọ́ sókè.

"Kí ló san?"

"Kò san nǹkan kan, Bàbá."

"Ó dá ohun tó jí padà?"

"Wọ́n ti kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi, Bàbá. Kò ráyè."

"Nígbà tó wà láyé, ọ̀fẹ́ ló ń kó ẹrù olóhun. Nígbà tó ń kú, ó tún gba ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́?"

Gift rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn bo ojú. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ògúnrìndé kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ò fẹ́ràn olè," ó ní. "Kò sí olè nínú ilé wa."

"Bàbá, wọ́n san án. Ẹni tó san án wà lórí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀."

Ògúnrìndé wò ó. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àdúrà rí lójú rẹ̀. Nínú ilé wọn, a kì í lọ síwájú Ògún lọ́wọ́ òfo. Ohun tí o mú wá ni wàá kọ́kọ́ dárúkọ, kí o tó dárúkọ ohun tí o fẹ́. Mo mọ̀ wọ́n. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n. Ohun tí wọ́n bá ṣèlérí, wọ́n á mú un wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa wọ́n.

A jọ ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ kan tó fi bi mí.

"Afọlábí, bí o bá jí láàárọ̀ tí o fẹ́ gbàdúrà, kí lo máa ń mú dání?"

"Kò sí."

"Kí ló wá wà fún?"

Mo rò ó. "Kí n lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Bí ọmọ ṣe ń jókòó ti bàbá rẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ."

"Ọmọ tó bá jókòó tì mí ní àgbẹ̀dẹ, ẹwìrì ló ń fẹ́ fún mi kí iná lè jó. Kò sí ẹni tó ń jókòó lásán níbẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ wá àgbò.

Nígbà tí ọjọ́ kíláàsì tún pé, kò wá. Joy ní, "Alàgbà, Bàbá wa dà?" Mo ní ó ń bọ̀. Kò dé. Mo lọ bá a ní àgbẹ̀dẹ.

Ọkọ́ ló ń rọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo àgbẹ̀ ń wá ọkọ́. Kò gbójú sókè. Ògúnlànà jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ obì.

"Alàgbà, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ wá kí, àbí àgbò?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Àgbò wà lẹ́yìnkùlé. Ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ nínú."

Mo jókòó. Ògúnlànà kò tíì sọ tán.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òtítọ́, Alàgbà. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jà nígbà tó ń lọ. Mo ní bí wọ́n bá gbà á lọ́hùn-ún, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n lé e padà lójú ọjà. Ṣé Ògún lé e padà rí? Ó mú ajá wá, Ògún gbà á. Ó mú àkùkọ wá, Ògún gbà á. Lọ́dún tí òjò kò rọ̀, iṣu sísun kan ló mú wá, Ògún gbà á. Ẹ sọ fún mi. Ta ló wá fẹ́ràn rẹ̀ jù?"

"A kò kọ òun."

"Àgbò ta lẹ wá kọ̀?"

Ògúnrìndé ti irin pípọ́n bọ inú omi. Omi náà hó.

"Ó tó, Ògúnlànà." Ó kọjú sí mi. "Afọlábí, mi ò bínú sí ọmọ yẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò gba ohun tí mi ò san rí láyé mi. Bí mo bá wọ odò yẹn báyìí, olè ni mí. Ẹ máa mú àwọn ọmọdé lọ. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ṣé o ò fẹ́ mọ́ ni?"

Ó gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ," ó ní. "Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jí i."

Rebecca ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Mi ò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Ta ni olè?" ó ní.

"Má dá sí i, Rebecca."

"Mo ti dá sí i." Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó ṣí i. Iyán ni, ó ṣì ń rú èéfín. "Bàbá Tèmídayọ̀, ẹ jẹun. Kí lẹ san fún iyán yìí?"

Ògúnlànà pàtẹ́wọ́. "Ìyàwó wa ti dé o!"

"Iṣu mi ni," Ògúnrìndé ní. "Ilé mi lo wà. Mo gbé ọ níyàwó."

"Ẹ gbé mi níyàwó. Kí lẹ ṣe kí wọ́n tó fi mí fún yín?"

"Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ọ̀wẹ̀. A ṣe é lóko bàbá rẹ ní Ayétòrò."

"Ta ló ṣe é?"

Ẹni tí kò bá bá ìgbà yẹn lè má mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ lóko àna rẹ̀. Yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọn yóò kọ ebè iṣu. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí Rebecca, wọ́n máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ tí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí àwọn ará ilé ìyàwó máa wò ó. Bí oòrùn bá wọ̀ kí ó tó parí rẹ̀, kò sí ìyàwó. Wọn kì í dẹwọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

"O mọ̀ pé irin já lé mi lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn," Ògúnrìndé ní. "Orí ẹní ni mo wà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ló lọ."

"Àti ta ni?"

"Àti bàbá mi. Ó lọ bẹ̀ wọ́n nítorí mi. Wọ́n sì gbà."

"Wọn kò gbà," Rebecca ní.

Ògúnrìndé wò ó.

"Bàbá mi ní àṣà ilé àwọn nìyẹn. Ó ní bí ọkọ ìyàwó kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Àwọn ẹgbẹ́ yín parí apá tiwọn. Tiyín ṣẹ́kù. Wọ́n gbé ọkọ́ wọn kọ́ èjìká, wọ́n ń lọ. Bàbá yín bọ́ ẹ̀wù. Àgbàlagbà ni, ikọ́ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó bọ́ sí apá tiyín. Èmi ni mò ń gbé omi. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku àti òógùn ti di ẹrẹ̀ sí i lára. Wọ́n ní kó jẹun, kò jẹ. Mo gbé omi fún un, ó mu díẹ̀, ó da ìyókù sórí. Nígbà tó kọ èyí tó gbẹ̀yìn, oòrùn ṣẹ́kù díẹ̀. Kò lè nàró mọ́."

Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Bàbá mi sọ fún un pé, 'Ìwọ kọ́ ni ọkọ ìyàwó.' Bàbá yín ní, 'Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ yìí, ọmọ mi ló kọ ọ́. Ẹ fún un ní ìyàwó rẹ̀.' Bàbá mi lọ wo àwọn ebè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró dáadáa. Ó ní ó dára, ó gbà pé ọkọ ìyàwó ti kọ ọ́. Wọ́n sì mú mi wá bá yín lórí ẹní, ẹsẹ̀ yín wú bí iṣu. Ẹ kò kọ ebè kan ṣoṣo. Ṣé ẹ jí mi ni?"

Ògúnlànà ti gbàgbé obì sí ẹnu.

"Bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó ṣe é. Ó ní kí n má sọ ọ́, kí ojú má baà ti ọmọ òun."

"Kí ló dé tí o wá sọ ọ́ lónìí?" Ògúnrìndé bi í. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Nítorí pé ẹ fẹ́ ṣègbé sórí àgbò."

Ògúnrìndé jókòó sílẹ̀. Ó fa abọ́ sọ́dọ̀. Ó jẹ iyán náà tán. Ó fọ ọwọ́. Ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Sìn mí lọ sí Ayétòrò."

A gun ọ̀kadà méjì. Ọwọ́ Francis ni oko náà wà báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Rebecca. A bá a níbẹ̀, ó ń kọ ebè. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin àna wa! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Níbo ni wọ́n ti ṣe ọ̀wẹ̀ ti Rebecca?"

Francis ronú. Ó ní bàbá òun máa ń fi ibẹ̀ han àwọn. Ó nawọ́ sí ìdí àpáta kan níbi tí ilẹ̀ ti gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ náà le, òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì ń roko, a mọ ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ojú ènìyàn rí.

Ògúnrìndé mú ọkọ́ Francis. Ó wọ ibẹ̀.

"Jẹ́ kí n kọ díẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ kọ ebè fún, Bàbá?"

"Èmi ló yẹ kí n ti kọ ọ́."

Francis wò mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní ṣókí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ebè yẹn ti parí kí wọ́n tó bí mi! Wọ́n ti gbin iṣu síbẹ̀, wọ́n ti wà á, wọ́n ti jẹ ẹ́. Àwọn tó jẹ ẹ́ gan-an ti lọ. Kí lẹ tún fẹ́ kọ? Àbí ìyàwó mìíràn lẹ tún wá gbà? Ẹ jọ̀ọ́, kò sí nílẹ̀ o. Gbogbo àwọn tó ṣẹ́kù ti sá lọ sí Adó."

Ògúnrìndé gbé ọkọ́ sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò sọ ọ́ kalẹ̀ lu ilẹ̀. Ó rọra gbé e padà fún Francis.

Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ náà, láàárín ẹ̀gẹ́, bí ọmọ ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní. "Mi ò mọ̀. Ẹ ṣé."

Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ń sọ ìyẹn fún. Kò dìde. Ó gbójú sókè díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà lágbọ̀n rẹ̀, ó sì tún un sọ fún Ẹni tó wà lókè.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò mọ̀."

Francis kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣí fìlà.

Nígbà tí a ń rìn lọ sójú títì, Ògúnrìndé fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà.

"Afọlábí. Ṣé àdúrà nìyẹn?"

"Àdúrà ni."

"Mi ò tọrọ nǹkan kan."

"Mo gbọ́."

"Mi ò mú nǹkan kan wá."

"Mo rí i."

Ó mi orí. A rìn díẹ̀ sí i.

"Ara mi fúyẹ́," ó ní.

Sátidé náà pé. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, odò kún díẹ̀, omi tó ń ti orí òkè wá tutù gan-an. Pásítọ̀ ti wọ inú rẹ̀ dé ìbàdí nínú aṣọ funfun, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Àwọn ará ìjọ wà létí odò. Lórí afárá, àwọn ará ilé Ògúnrìndé dúró. Ògúnlànà wà láàárín wọn. Wọn kò wá jà. Wọ́n wá wò bóyá olórí ilé àwọn yóò wọ ibi tí wọ́n ti lé e.

A kọ orin. A gbàdúrà. Ògúnrìndé kò tíì dé. Rebecca dúró lọ́tọ̀, ó káwọ́ gbera. Ó ní ọkọ òun ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, òun kò mọ ibi tó gbà. Pásítọ̀ wò mí. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó ri Joy bọmi. Ó ri Gift bọmi, Gift pariwo nítorí òtútù, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ri àwọn yòókù. Ó ku ẹnì kan.

Ògúnrìndé yọ lójú ọ̀nà oko. Orí òkè ló ti lọ, òun nìkan, ó lọ gbàdúrà. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò sáré.

"Ẹ wò ó o!" ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí afárá pariwo. "Lọ́wọ́ òfo!"

Ògúnrìndé dúró. Ó gbójú sókè sí wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i padà kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, dúdú, tó le bí igi.

"Lọ́wọ́ òfo ni," ó ní.

Ó wọ inú omi. Kò dúró kí òtútù náà mọ́ ọn lára. Ó lọ tààrà bá Pásítọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ gba Jésù gbọ́ pé òun ló gbà yín là?"

"Mo gbà á gbọ́. Òun ló kọ ebè mi."

Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ohun tí a kọ́ wọn. Pásítọ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Mo mi orí pé ó tọ́. Ó rántí ìtàn Ayétòrò tí mo ti sọ fún un, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó gbá a mú lẹ́yìn àti láyà, ó rì í.

Omi bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún gbé e jáde.

Mo ti mọ Ògúnrìndé láti kékeré. Mo ti rí i níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, níbi ìjà ilẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí bíi ti ọjọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín láti inú ikùn, omi ń jáde nímú rẹ̀, kò lè dá a dúró. Ìjọ hó yèè. Joy àti Gift ń fò sókè nínú aṣọ tútù. Pásítọ̀ dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Rebecca ti wọ odò pẹ̀lú ìró àti bàtà. Ó fi etí ìró nu ojú ọkọ rẹ̀, bíi pé ọmọ ni. Ó ń nù ún, ó ń sunkún, ó ń bú u.

"Ẹ kò lè sọ fún mi pé orí òkè lẹ lọ? Ẹ kò lè sọ ọ́? Ẹ fẹ́ pa mí?"

"Ó ti pẹ́ tí o ti ń gbàdúrà fún mi," ó ní. "Mo ní kí n lọ gba díẹ̀ kún un."

Àwọn tí a bá rì bọmi máa ń gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí ilé ìjọsìn, kí wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ. Ògúnrìndé kọ̀. Ó ní ojú ọjà ni òun yóò gbà. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀, gbogbo ìjọ sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń tajà dìde. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n ń fun fèrè. Ẹnì kan bi í bóyá inú odò ló ṣubú sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ògúnlànà ti gba ọ̀nà àbùjá dé ilé kí a tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ògúnrìndé dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú odò."

"O ṣé."

"Kí lẹ fún un?"

"Kò sí."

"Kí ló wá fún yín?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ògúnlànà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹni ìjọ wa. Kò tíì di ẹni ìjọ wa títí di òní. Ṣùgbọ́n ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ," ó ní. "Òtútù á mú yín."

"Kó mú mi. Mi ò tíì fẹ́ wọlé."

Rebecca gbé orin. Ohùn rẹ̀ kò dára, kò sì dára rí. Ìjọ gbè é. Ilé kejì gbọ́, ilé kẹta gbọ́, wọ́n ń jáde síta. Ògúnrìndé kò mọ orin náà. Ó kọ ọ́ sókè ju gbogbo wa lọ.